Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Kọ̀ Láti Ṣiṣẹ́



Bí ó ti wù kí ẹyẹ fò pẹ́ tó lójú ọ̀run, ilẹ̀ ni yóò bà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ọkọ̀ òfuurufú rí. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ tí ń ká ẹsẹ̀ bá ń lọ geere lókè, a ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú, kò sì sí èrò tí ń ronú kàn án. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ balẹ̀ ni a ń mọ iyì rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbéra ní pápá Williamtown, nítòsí ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Awakọ̀ àti èrò méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Port Macquarie ni wọ́n ń lọ, ìrìn tí kò tó wákàtí kan. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra ni awakọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Kò fi ọ̀ràn náà pamọ́. Ó ké sí àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó ṣe é. Nítorí náà ni àwọn panápaná àti àwọn olùtọ́jú aláìsàn fi ti wà ní pápá kí ó tó dé. Lẹ́yìn èyí, ó ń yípo lójú sánmà fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí epo inú ọkọ̀ lè dín kù. Epo tí ó gbé wọn gòkè náà ni ó lè di iná sí wọn lára bí ikùn ọkọ̀ bá ha ilẹ̀. Nígbà tí agogo méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, ó fi ikùn ọkọ̀ balẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkọ̀ kò rí ẹsẹ̀ lò, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde láìfarapa.

Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iná kékeré mẹ́ta aláwọ̀ ewé a máa tàn níwájú awakọ̀ bí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti nà tán. Ẹ̀rí-ọkàn ni irú iná bẹ́ẹ̀ tí Ọlọ́run fi síwájú olúkúlùkù wa. Ẹnìkan jẹ owó iṣẹ́ alágbàṣe mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn kò bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti pín ogún baba wọn. Iná kò tàn, wọ́n sì mọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ara le, tí ọjà sì ń tà, wọ́n ń fò lọ.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àlùfáà tí ó jókòó láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ kò wá láti dójú ti ẹnikẹ́ni; ó ń dúró dè wá bí àwọn ará pápá ti dúró de ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́, epo ṣì wà láti jó: kí a dá owó olówó padà, kí a kan ilẹ̀kùn ọmọ ìyá wa, kí a sì jẹ́ kí ìbínú àtijọ́ tán nínú wa. Iṣẹ́ wọ̀nyí a máa gba àkókò. Ọjọ́ tí Olúwa fi kún ọjọ́ wa, nítorí èyí ni.

Awakọ̀ yẹn ní wákàtí mẹ́ta. Ta ni nínú wa ni ó mọ iye tí ó kù fún òun? Ẹni tí iná rẹ̀ kò bá tàn, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́ nípa ara wa, kí Ó sì mú wa gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Àmín.