Ìdúpẹ́ Agbaṣẹ́ṣe

Ẹ ka: II Àwọn Ọba 12: 4–15



Nínú ẹ̀kọ́ tí a tọ́ka sí lókè yìí, a rí bí a ti gbé iṣẹ́ ọba jáde ní ìgbà àtijọ́. Jehoaṣi pàṣẹ kí a tún ilé Olúwa ṣe, ṣùgbọ́n títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, àwọn àlùfáà tí ń gba owó kò tí ì tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Nígbà náà ni Jehoiada gbé àpótí kan kalẹ̀, tí ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ni ó jùmọ̀ ń ka owó inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í lé àwọn alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́, láti san owó gbẹ́nàgbẹ́nà àti ti ọ̀mọ̀lé, àti láti ra igi àti òkúta. A kò sì bá àwọn wọ̀nyí ṣírò, nítorí tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́. Ẹ kíyèsí i: àwọn àlùfáà ni ó kùnà, àwọn agbaṣẹ́ṣe ni Ìwé Mímọ́ yìn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn kan ń la ọ̀nà, àwọn kan ń kọ́ ilé ìwé, àwọn mìíràn ń kó oògùn lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tí ó lọ́lá ni. Nígbà tí ìwé ìgbaṣẹ́ bá dé, wọn a jó wá síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Èyí dára; ṣùgbọ́n mélòó ni a ti rí tí ó jó wá láti dúpẹ́ pé iṣẹ́ náà parí? Ẹ̀yin ará, ìwé ìgbaṣẹ́ kì í ṣe èrè. Ẹrù ni a gbé ka ni lórí.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a wo gbígba iṣẹ́. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2007 lórí bí Ìjọba Àpapọ̀ yóò ti máa gbé iṣẹ́ jáde béèrè ohun púpọ̀: kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ ní ìmọ̀, irinṣẹ́ àti owó tí ó tó, kí ó ti san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí a má ṣe rí ẹni tí a ti dá lẹ́bi jìbìtì láàrin àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ni yóò fi iye owó rẹ̀ sí, a ó sì ṣí i ní gbangba lójú àwọn tí ń díje. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹni tí ó jẹ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní èṣí ti pàdánù iṣẹ́ ọdún yìí.

Olúwa wa fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún wa (Luku 14: 28–30). Má ṣe dá iye tí ìwọ mọ̀ pé kò lè parí iṣẹ́, kí o bàa lè borí ẹlòmíràn. Ṣírò ọ̀wọ́n ọjà mọ́ ọn, kí o sì ṣírò ìdádúró owó Ìjọba pẹ̀lú. Òfin wí pé bí owó bá pẹ́ ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí a ti fi ìwé ìbéèrè owó sílẹ̀, èlé yóò gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ọmọ lébìrà kì í dúró de 60 ọjọ́.

Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, òfin kan náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10, láìsí owó ìtanràn, lé orí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá rú u. Ilé iṣẹ́ tí ó bá jẹ̀bi yóò sì pàdánù ẹ̀tọ́ láti gba iṣẹ́ Ìjọba fún ọdún 5 ó kéré tán, yóò sì san ìdá 25 nínú 100 iye iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí onígbàgbọ́ ro ohun tí ó ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ẹni tí ó san owó ẹ̀yìn kí ó tó gba iṣẹ́, níbo ni yóò ti rí i gbà padà? Nínú sìmẹ́ńtì ni. Irin mẹ́fà yóò di mẹ́rin, ọmọ ọlọ́mọ yóò sì jókòó sábẹ́ òrùlé náà.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Bàbá, bí èmi kò bá san án, ẹlòmíràn yóò san án, ebi yóò sì pa ilé mi.” Èmi kò ní tàn ọ́: olóòótọ́ a máa pàdánù nígbà mìíràn. Bí a bá rẹ́ ọ jẹ, òfin fún ọ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti mú ẹjọ́ rẹ lọ bá olórí ọ́fíìsì tí ó gbé iṣẹ́ náà jáde. Ṣe é láìbẹ̀rù. Bí ìwọ kò bá sì rí ìdáláre gbà, ó sàn kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ jù kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà ní ọrùn rẹ.

Èkejì, ṣíṣe iṣẹ́ náà. Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí Ìjọba ń san ṣáájú kì í ṣe èrè. Kì í ṣe owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ìnáwó òkú. Nítorí èyí ni òfin fi béèrè pé kí ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò ṣe onídùúró rẹ̀. Yà á sọ́tọ̀, má ṣe dà á pọ̀ mọ́ owó ilé rẹ. Jẹ́ kí ènìyàn méjì máa kà á, bí akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ti ṣe. San owó lébìrà ní ọjọ́ rẹ̀, nítorí igbe owó ọ̀yà tí a dì mú a máa dé etí Olúwa (Jakọbu 5: 4). Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pé a kò bá àwọn ọkùnrin ìgbà Jehoaṣi ṣírò kò túmọ̀ sí pé kí àwa má ní ìwé ìṣirò. Olóòótọ́ ni ẹni tí ìṣirò kì í dẹ́rù bà.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kàn wá, àwa òjíṣẹ́ àti ìjọ. Bí a bá ń pàtẹ́wọ́ fún ìwé ìgbaṣẹ́, tí a sì ń gba ọrẹ inú rẹ̀, láìbéèrè afárá tí a tìtorí rẹ̀ san owó, àwa pẹ̀lú ti dàbí àwọn àlùfáà ọdún kẹtàlélógún. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ tí ìwé dé, kí a sì fi ìdúpẹ́ ńlá pamọ́ di ọjọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá kọjá lórí afárá náà. Ní ọjọ́ náà, kí ó mú bíríkìlà àti lébìrà rẹ̀ lọ́wọ́ wá síwájú pẹpẹ, kí wọ́n lè ṣe Àmín pẹ̀lú rẹ̀ láìní ìkùnsínú.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó parí iṣẹ́ Rẹ̀ kí Ó tó sinmi, fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti parí tiwa ní òtítọ́, nípa Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.