Òkùnkùn Tí A Fowó Rà

Ní Siwa, ní ìwọ̀-oòrùn Íjíbítì, níbi tí omi ti ń sun láàárín aṣálẹ̀, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ sí ààlà Líbíyà, hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ Adrère Amellal. "Òkè Funfun" ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè àwọn ará Siwa, torí pé ẹsẹ̀ òkè funfun kan ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ilé alámọ̀ ni, bíi tàwọn ilé àtijọ́ ìlú náà. Yàrá bíi 40 ló wà níbẹ̀, kò sì sí iná mànàmáná nínú ìkankan. Àbẹ́là ni wọ́n ń tàn lálẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là sì ni àlejò ń san fún òru kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tó wá sí yín lọ́kàn. "Ṣé àìsí iná náà ni wọ́n ń sanwó fún? Kí wọ́n máa bọ̀ ládùúgbò wa, ọ̀fẹ́ ni tiwa!" Ẹ̀rín ni, àmọ́ ìbéèrè gidi wà nídìí ẹ̀. Òkùnkùn kan náà, báwo ló ṣe jẹ́ fàájì fún ẹnì kan, tó jẹ́ ìyà fún ẹlòmíì?

Àwọn kan á ní owó ló fà á. Ó ku díẹ̀ káàtó. Ohun tí owó rà níbẹ̀ ni yíyàn. Ẹni tó sùn sí Adrère Amellal ló fúnra ẹ̀ pe òkùnkùn wá. Ó mọ ọjọ́ tó máa parí. Tó bá sú u, á di ẹrù ẹ̀, á padà sí Kairo. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ta ló bi í? Bí ààwẹ̀ àti ebi ló rí. Inú òfìfo ni méjèèjì, àmọ́ alááwẹ̀ mọ ìgbà tí òun máa ṣínu.

Ojú yíyàn yìí náà ló yẹ ká fi wo ọ̀rọ̀ àṣà àjogúnbá. Kershef ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà: amọ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀, tí wọ́n ń bù létí àwọn adágún oníyọ̀ Siwa. Òun náà ni àwọn baba ńlá wọn fi kọ́ Shali, ìlú olódi tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá. Tí kershef bá gbẹ, ó máa ń le koko. Ògiri ẹ̀ nípọn, ó ń mú inú ilé tutù nígbà tí oòrùn bá ń jó gbogbo ìta. Àmọ́ omi ni ọ̀tá iyọ̀. Lọ́dún 1926, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ilé Shali sì bàjẹ́. Àwa a máa ń sọ pé àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Lọ́dún yẹn, apá àwọn onílé ò ká a. Wọ́n kó jáde. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́lé.

Ó rọrùn fún àlejò láti wo ilé sìmẹ́ńtì wọ̀nyẹn, kó sì mí kanlẹ̀ pé, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ba àṣà wọn jẹ́." Lóòótọ́, ohun a ní là ń náání. Àmọ́ ta ló ń bá wọn tún ògiri rọ lẹ́yìn òjò? Ní hòtẹ́ẹ̀lì, owó àlejò ló ń tún un rọ. Ìyá tó ti gbé ọmọ pọ̀n sá jáde lóru òjò kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè fọ́tò ẹlẹ́wà.

Ẹ má rò pé mò ń bú hòtẹ́ẹ̀lì náà o. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Siwa ló kọ́ ọ, ọgbọ́n ìkọ́lé tí sìmẹ́ńtì ti ń lé lọ sì tún di iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí. Àǹfààní gidi nìyẹn. Sìmẹ́ńtì náà kì í ṣe ọ̀gá amọ̀ nínú gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá wà nínú ilé búlọ́ọ̀kù lọ́sàn-án aṣálẹ̀ á sọ tẹnu ẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìfẹ́ àlejò nìkan ò lè mú àṣà wà láàyè. Àṣà wà láàyè nígbà tí ọmọ onílé bá lè mú un, tó sì tún lè fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́ ló dè é mọ́ ilé alámọ̀, ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Tó bá sì di pé àlejò nìkan ló lè sùn nínú ilé tí bàbá ńlá ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́, a jẹ́ pé ó ti di ọjà.

Tí ọ̀nà bá gbé yín débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ gbádùn ẹ̀. Ẹ jókòó síta, kẹ́ ẹ wo ìràwọ̀. Àmọ́ tí ẹni tó bá yín tan àbẹ́là bá ṣíṣẹ́ tán, tó ń lọ sílé ẹ̀ níbi tí gílóòbù ti ń tàn, tí fíríìjì ń dún, ẹ má ṣe káàánú ẹ̀ pé ó ti sọ àṣà nù. Òun náà ń lọ gbádùn ohun tó yàn.