Òkèèrè La Ti Ń Wò Ó

Àwọn àgbà ní, igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ nínú rẹ̀. Wíwò ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Bí àwòrán bá wọ́, a máa ń bá ọwọ́ wí, bẹ́ẹ̀ ojú ni kò kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dé SS2 tàbí SS3 ti mọ pẹ́ńsùlù í dì mú, ó ti mọ ọ̀dà í pò. Ohun tó kù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fún un ni ojú tó ń rí nǹkan. N kò sì mọ ibi tí ojú náà ti lè là ní Èkó ju Creek Road lọ, láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀.

Kí ni kò sí níbẹ̀? Tírélà tò tẹ̀ lé tírélà, kọ̀ǹténà pupa, búlúù àti aláwọ̀ ewé lórí wọn. Kéréènì èbúté yọrí lókè ilé. Awakọ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, olóúnjẹ gbé ìkòkò kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹlẹ́sẹ̀ ń wá àyè kọjá. Bí a bá yà sí Ajégúnlẹ̀, Ọjà Boundary ń bẹ níbẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ígbò àti Haúsá ti ń ná ọjà pọ̀. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ọmọ àdúgbò yìí ya àwòrán tó wù ú, òkè tí yìnyín bò, tó rí lórí fóònù, ni yóò yà.

Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ẹni tó ya fọ́tò ti bá ọmọ yan ibi tí yóò dúró, ó ti bá a yan ohun tí yóò gé kúrò àti ìmọ́lẹ̀ tí yóò lò. Ọmọ tó wá pín fọ́tò náà sí igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké, tó ń kó o sórí kádíbọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sùn. Èyí kò sọ àdàkọ di èèwọ̀. Àìná Ọnàbólú, ayàwòrán tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ló fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n kò jókòó síbẹ̀. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó, àwọn ènìyàn tó wà láàyè ló ń yà. Ní 1906 ló fi ọ̀dà olómi ya ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán tí a ṣì ń tọ́ka sí títí dòní.

Ọnàbólú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti kọ́ṣẹ́ sí i, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ní 1922. Nígbà tó padà dé, ó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ girama kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú àti bí ìlà ọ̀nà ṣe ń pàdé lókèèrè. Ẹ̀kọ́ yìí ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Òun náà ló rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ àwòrán, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Murray ní tirẹ̀ ní kí àwọn ọmọ máa ya ìgbésí ayé tó yí wọn ká. Ben Enwonwu wà lára àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Ọnàbólú kọ́ni ní bí a ṣe ń wò, Murray kọ́ni ní ohun tó yẹ ká wò. Akẹ́kọ̀ọ́ Creek Road nílò méjèèjì, wọ́n sì pé síbẹ̀ fún un.

Kọ̀ǹténà ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40, ìbú rẹ̀ jẹ́ 8, gíga èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 8 àbọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ọmọ bá sì yà á ní ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àṣìṣe náà yóò hàn kíá. Kí ó wo ìlà òkè kọ̀ǹténà: ó ga ju ojú lọ, nítorí náà bó ṣe ń jìnnà ló ń sọ̀kalẹ̀. Ìlà ojú títì wà nísàlẹ̀ ojú, òun ń gòkè. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kọ̀ǹténà tó wà lórí tírélà sún mọ́ ìwọ̀n ojú ẹni tó dúró nílẹ̀, ìlà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Kí ọmọ náà wá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó tún un yà, yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ ti yí padà.

Bí ó bá fẹ́ mọ ibi tí kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 méjì ti fara kan ara wọn lórí tírélà kan, kí ó ka méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ó fa ìlà láti igun òkè kan sí igun ìsàlẹ̀ tó kọjú sí i, kí ó sì fa èkejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gba ara wọn kọjá ni àárín náà. Bí ó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, yóò rí i pé kì í ṣe àárín rúlà, ó sún mọ́ apá tó jìnnà. Níbẹ̀ ni ọmọ yóò ti gbà pé ojú ní òfin tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìlà ni òjìji. Èédú ló dára fún èyí, nítorí kò jẹ́ kí ọmọ sá pamọ́ sẹ́yìn àwọ̀. Ara kọ̀ǹténà ní gegele àti kòtò tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Ní àárọ̀, oòrùn kan ẹ̀gbẹ́ kan gegele, ní ìrọ̀lẹ́ ó kan èkejì, ní ọ̀sán gangan ohun gbogbo tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ibi kan náà ní wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kí ó tó ronú kan ọ̀dà.

Ọ̀dà náà, kò pọn dandan kí ó pọ̀. Pupa, yẹ́lò, búlúù àti funfun tó. Irin tó dógùn-ún kì í ṣe búráùn inú ike: kí ọmọ po pupa mọ́ yẹ́lò, kí ó wá fi búlúù díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òjìji abẹ́ tírélà kì í ṣe dúdú lásán pẹ̀lú. Lẹ́yìn òjò, omi ojú ọ̀nà gba àwọ̀ ojú ọ̀run àti ti kọ̀ǹténà sára. Ní àkókò ọyẹ́, kéréènì tó jìnnà ń ṣí lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eruku dọ́gba.

Ti ènìyàn tún yàtọ̀. A kì í dédé ya ẹni tí a kò kí. Kí ọmọ lọ bá olóúnjẹ, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó wí pé, "Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ ká yà yín?" Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Kí olùkọ́ sì mọ̀ pé ojú títì yẹn léwu. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí a ti tọrọ ààyè ni kí àwọn ọmọ wà, pẹ̀lú àgbàlagbà, kí wọ́n má sì ya inú èbúté tàbí bárékè láìgba àṣẹ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Táàmù kan gbáko ni irú iṣẹ́ yìí tọ́ sí: ìlà, òjìji, ìdánwò àwọ̀, lẹ́yìn náà ni àwòrán ńlá kan ṣoṣo. Olùkọ́ tó bá wo àwòrán ìgbẹ̀yìn nìkan kí ó tó fún ọmọ ní máàkì ti kọ́ ọ láti máa sáré. Ìwé tí ọmọ fi ń dán ọwọ́ wò ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣí, kí ó bi ọmọ léèrè ohun tó rí ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan àti ìdí tó fi yí ọkàn padà. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má pe ìwé yẹn ní ìdọ̀tí, ẹ ra òmíràn nígbà tó bá kún.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ilé-ẹ̀kọ́ so gbogbo rẹ̀ kọ́ sára ògiri, èyí tó wọ́ àti èyí tó gún, kí wọ́n sì pe awakọ̀ àti olóúnjẹ wá wò ó. Àwọn ló mọ bí táyà ṣe ń rí tí ẹrù bá wúwo, àwọn ló mọ bí èéfín ṣe ń rìn nídìí ìkòkò. Bí wọ́n bá ní ọmọ yìí rí àwọn, ìdájọ́ náà ti pé.