Àkàbà Ẹ̀yìn Jíìpù àti Ọ̀rọ̀ Àyànmọ́

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìkòtún sí Ìjẹ̀gùn ní Èkó kọjá nígbà òjò kò ní béèrè ìdí tí àwọn tó rí owó rẹ̀ fi ń wá jíìpù rà. Bí wọ́n bá sì ti rà á, àwọn kan nínú wọn kì í fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n á ní kí wọ́n bá wọn de àgbékẹ́rù mọ́ orí rẹ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀, àga ìnáwó tàbí àpò ìrẹsì. Bí àgbékẹ́rù bá ti wà lókè, àkàbà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn: ọ̀pá irin méjì, àtẹ̀gùn mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín wọn, ìkọ́ tó há mọ́ etí òrùlé, ẹsẹ̀ tó jókòó sísàlẹ̀ lẹ́bàá bọ́ńpà. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni lọ́wọ́ wẹ́dà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àkàbà náà bá ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ni a ti sọ fún pé ó lè gòkè, ì báà jẹ́ awakọ̀, ì báà jẹ́ alábàárù, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń ṣeré ládùúgbò. Bí ìkọ́ bá wá já nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wà lókè, tó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yá lẹ́nu wa jù ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Onígbàgbọ́ á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí á ní kádàrá ni, ẹni tó ń bọ Ògún á ní orí olórí ló ṣe é. Ẹ̀sìn mẹ́ta fẹnu kò, wẹ́dà sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ìgbà tí a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ gbólóhùn yẹn. Lójú tèmi, a kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i títí a ó fi yẹ ojú ibi tí irin ti pàdé ara ọkọ̀ wò. Àti pé àbùkù tí ẹni tó ń gun àkàbà kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí, ọrùn ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ní in ló wà, kò sí àyànmọ́ tó lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Kí a tó pe Ọlọ́run sí ẹjọ́ náà, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin. Àkàbà tí a fi ti ògiri máa ń dagun, ìwúwo ẹni tó ń gùn ún sì ń tì í mọ́ ògiri. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ara ẹni tó ń gùn ún sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà bí ẹsẹ̀ ti ń ti ìsàlẹ̀ sínú ni ọwọ́ ń fa òkè síta. Ìkọ́ òkè ló ń jẹ ìyà yẹn, òun náà sì ni ẹni tó dúró nílẹ̀ kì í rí dáadáa. Bí wọ́n bá de àkàbà mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti gbé sípíà táyà rù tẹ́lẹ̀, àwọn ìdè tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí ni yóò gba ẹrù èèyàn mọ́ ti táyà. Ti Land Rover tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Láti 1948 tí ọkọ̀ yẹn ti jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi àlùmíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀, nítorí irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Iná wẹ́dà lásán kò lè jó irin mọ́ àlùmíníọ̀mù, bóòtù ni wọ́n fi ń dè é. Bí irin bá sì ń fara kan àlùmíníọ̀mù nínú ọ̀rinrin, tí kò sí rọ́bà láàárín wọn, àlùmíníọ̀mù náà á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ yí bóòtù ká. Òjò Èkó kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn falẹ̀. Ihò á fẹ̀, bóòtù á ṣì wà lójú ihò, ọ̀dà á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní àkàbà wà.

Ẹni tó gbà pé àyànmọ́ kò gbóògùn lè dáhùn pé gbogbo àlàyé yìí kò yí nǹkan kan padà, pé bí bóòtù kò bá jẹrà, ibòmíràn ni ikú ì bá gbà wọlé. Èrò yìí kì í ṣe ti òpè. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè ní 1962, to ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ ọ́ sílẹ̀: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà, àyànmọ́, ohun tí a kúnlẹ̀ yàn, ohun tí a kúnlẹ̀ gbà, ohun tí a yàn mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú Ifá, níbi tí ọ̀rọ̀ orí ti fìdí múlẹ̀ jù, ni ilẹ̀ ti kéré fún ẹni tó fẹ́ fi orí bo iṣẹ́ ọwọ́ mọ́lẹ̀. Nínú ìtàn Afùwàpẹ́ tí Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀ láti inú odù Ogbègúndá, ọwọ́ Àjàlá amọ̀kòkò ni orí ti ń jáde. Àjàlá mọṣẹ́, àmọ́ kò ṣeé fọkàn tán. Onígbèsè ni, inú àjà ló sá pamọ́ sí fún ẹni tó wá sin owó. Orí tó jiná àti èyí tí kò jiná wà pọ̀ nílé rẹ̀, wọ́n sì jọra lójú. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè, àwọn ọ̀rẹ́ Afùwàpẹ́, yan tiwọn fúnra wọn, òjò lù wọ́n lọ́nà ayé, orí wọn sì bó. (Oríṣẹ̀ẹ́kú yìí, ọmọ Ògún ni. Ọmọ onírin pàápàá kò fi ojú lásán mọ ohun tí kò jiná.) Afùwàpẹ́ ló san gbèsè Àjàlá, Àjàlá sì fi ọ̀pá irin gbá orí wò fún un kó tó mú èyí tó le. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé àyànmọ́ fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ oníṣẹ́ nínú. Ìyà jẹ àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn nítorí iná ilé ìṣunkòkò tí kò tó, kì í ṣe nítorí pé wọ́n hùwà ibi. Òótọ́ ni pé ìtàn kò fi ìyà jẹ Àjàlá. Ta ni yóò pè é lẹ́jọ́ lọ́run? Wẹ́dà Ìjẹ̀gùn kò sí lọ́run. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ojúlé, ó ní nọ́ńbà fóònù lára ògiri.

Bíbélì àti ọ̀rọ̀ Ànábì náà ti sọ̀rọ̀ nípa orí òrùlé, wọ́n sì sọ ọ́ lọ́nà tó yẹ ká fara balẹ̀ wò. Deutarónómì 22:8 pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ ògiri kékeré yí etí òrùlé ká, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wá sórí ilé rẹ̀ bí ẹnìkan bá já bọ́. Ẹ kíyè sí i pé ilé tuntun ni òfin náà ń sọ, kò dúró di ìgbà tí ẹnìkan bá ti ṣubú. Kò sì béèrè ẹni tó ṣubú: àlejò ni tàbí olè, òfin ò bèèrè. Nínú àkójọ hádíìsì ti Abu Dawud, a rí i pé ẹni tó bá sùn sórí òrùlé tí kò ní ìdènà, ààbò ti kúrò lórí rẹ̀. Ìkínní di ẹ̀bi ru onílé, èkejì dì í ru ẹni tó gòkè lọ sùn. Wẹ́dà tó gbọ́n lè gbá hádíìsì yìí mú, kó ní ẹni tó gun àkàbà ló gbé ara rẹ̀ sínú ewu, ẹnìkan kò fi ipá gbé e lọ sókè. Àmọ́ tí a bá wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ, ìjà kò sí láàárín wọn. Òrùlé tí kò ní ìdènà, ojú ń rí i. Ẹni tó lọ sùn sétí rẹ̀ mọ̀ pé etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó gun àkàbà jíìpù nínú òjò pẹ̀lú sálúbàtà rí i pé irin ń yọ̀. Bó bá yọ̀ ṣubú, mi ò ní wẹ́dà rò sí i. Ṣùgbọ́n ojú jíjó tí iná kò wọnú rẹ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀dà kùn, kò sí ojú tó lè rí i láti ìta. Ohun tí a fi pamọ́ fún èèyàn, a kò lè ní ó yàn án. Ibẹ̀ ni ààlà wà, lójú tèmi: ewu tó hàn, ẹni tó wọnú rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, ewu tó fara pamọ́, ti ẹni tó fi í pamọ́ ni, àti ti ẹni tó ní ọkọ̀ tí kò tú u wò.

Àtakò kan wà tí kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Evans-Pritchard, tó gbé láàárín àwọn Azande ní gúúsù Sudan, kọ ọ́ ní 1937 pé nígbà tí àká wọn bá wó pa àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ̀ dájú pé ikán ló jẹ òpó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìdí tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí ló jókòó síbẹ̀ ní wákàtí tó wó, wọ́n á sì wá àjẹ́ lọ. Ìbéèrè yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Èèyàn mẹ́wàá ti gun àkàbà yẹn, kí ló dé tó fi jẹ́ pé orí ẹni kọkànlá ló já? Mi ò ní sọ pé ìbéèrè yìí kò nítumọ̀, nítorí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò lè ṣàìbéèrè rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kó gba ipò ìbéèrè ikán. Agbègbè tí à ń sọ yìí ti san owó ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, ní Ìjẹ̀gùn, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ya páìpù epo abẹ́ ilẹ̀, iná sọ, Red Cross sì ní nǹkan bí 100 èèyàn ló kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ní Ìkòtún, ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì Synagogue Church of All Nations tí wọ́n ń fi àjà kún lórí wó lulẹ̀, èèyàn 116 kú. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọkọ̀ òfuurufú kan tó fò kọjá lókè ni kí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwádìí ikú tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ parí ní oṣù Keje 2015, ó sì ní àìlágbára ilé náà fúnra rẹ̀ ló wó o. Ohun yòówù kí ẹnìkan gbàgbọ́ nípa ìdí tí ẹni báyìí fi wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ìgbàgbọ́ náà kò fi irin kún òpó kankan. Bí a bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè Azande, a kì í padà wá sórí ti ikán mọ́. Bí a bá kọ́kọ́ dáhùn ti ikán, ìkejì ṣì wà níbẹ̀ fún wòlíì, ààfáà àti babaláwo.

Wọ́n á tún ní ẹrù tí mò ń dì ru oníṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé oníbàárà ló ń dúnàá-dúrà títí irin tó nípọn fi di tẹ́ẹ́rẹ́, pé iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège kì í jẹ́ kí jíjó wọlé dáadáa. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní fi ẹnu sísọ pa iṣẹ́ tálákà rẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn owó wà láàárín ẹni méjì, ẹni kẹta ló ń gun àkàbà. Alábàárù tó gòkè lọ tú okùn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà pé kí a fi irin ọ̀wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ pé kí irin má já láé; ohun tó kúrò lọ́wọ́ èèyàn kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wẹ́dà ni kó sọ ibi tí agbára iṣẹ́ rẹ̀ mọ, kó sì kọ iṣẹ́ tí irin rẹ̀ kò lè ṣe. Àwọn tó ń ṣe Land Rover Defender tuntun sọ fún oníbàárà pé 168 kílò ni òrùlé rẹ̀ lè gbé bí ọkọ̀ bá ń rìn, 300 kílò bó bá dúró. Bí ilé iṣẹ́ ńlá kò bá tijú láti sọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, kí ló dé tí tiwa á fi máa sọ pé “kò séwu, ó máa gbé e”? Ohun kan tún wà tó yẹ kó dẹ́rù ba onírin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tí wẹ́dà ń jó ni Yorùbá fi ń bura. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó wá jẹ́rìí ń fi ẹnu kan irin nítorí Ògún kò gba irọ́. Wẹ́dà tó fi ọ̀dà bo ojú jíjó tó mọ̀ pé kò mú, irọ́ ló pa, orí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rù láti purọ́ lé ló sì ti pa á. Ajá tí a pa síwájú ọkọ̀ tuntun, òróró tí a dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àdúrà tí ààfáà ṣe, kò sí èyí tó lòdì sí kí wẹ́dà kọ́kọ́ gun àkàbà rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọmọṣẹ́ tó sanra jù ní ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà tó san owó tó kù.

Ó ku ọ̀kan tí kò bọ́ sínú ìlà tí mo fà. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó ní àkàbà lẹ́yìn, tòkunbọ̀ ni. Wẹ́dà tó ṣe é lè wà ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, ó lè ti kú. Kò sí ẹni tí a ó pè. Ṣé a wá lè ní àyànmọ́ ni bí èyí bá já? Rárá. Òfin òrùlé inú Deutarónómì kò pe birikìlà, onílé ló pè. Ẹni tó ra ọkọ̀ ra àkàbà mọ́ ọn, ó sì ní ohun mẹ́ta láti yàn: kó ní kí mẹkáníìkì tú ìkọ́ rẹ̀, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó sì tún un dè; kó yọ ọ́ dànù; tàbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa rán ọmọ ọlọ́mọ gùn ún. Ẹni tó yan ìkẹta ti yàn, kò kúnlẹ̀ níbì kankan kó tó yàn án.