ẸNI TÓ Ń DA OMI



Nínú ibojì ìjòyè Djehutihotep ní Íjíbítì, àwòrán kan wà tó ti lé ní 3,800 ọdún: ọkùnrin 172 ń fi okùn wọ́ ère òkúta ràgàjì. Ẹnì kan kò fa okùn. Omi ni ó ń dà sílẹ̀ níwájú ẹrù. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Amsterdam rí i pé bí yanrìn bá rin níwọ̀n, ìdajì agbára ni yóò tó láti wọ́ ẹrù.

Ère kọ́ ni ẹ̀kọ́ wa. Ìrànlọ́wọ́ tí Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrátù Máídà ni. Ẹ̀yin tí owó ẹgbẹ́ wúwo fún ní Gwagwalada, ẹ má jókòó sílé. Ẹni tí kò lè fa okùn, kí ó da omi.

Kí Ọlọ́hun má tú wa ká. Àmín.