Àṣàrò Òwúrọ̀: Má Fi Ọ̀dà Bo Pákó Tó Ti Jẹrà

  

*Bíbélì kíkà: Léfítíkù 14:33-48*

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, ẹ mọ ọkọ̀ fáíbà wọ̀nyẹn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́. Fáíbà tó ń dán lẹ máa rí níbẹ̀, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, pákó ló wà láàárín. Pákó yẹn ló ń gbé ẹ́ńjìnnì.

Ibo wá ni omi ń gbà bà á jẹ́? Kì í ṣe ihò ńlá o. Ojú ihò bóòtù tí wọn ò dí dáadáa ni. Omi á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ríbi jáde. Lókèèrè, ọkọ̀ ṣì dára. Àmọ́ tí oníṣẹ́ bá fi òòlù kàn án, ibi tó le á dún kó-kó-kó, ibi tó ti jẹrà á dún bù. Ọjọ́ tí ibẹ̀ bá já láàárín omi, ẹ̀mí èrò ló wà nínú ewu.

Àwọn kan á ní ká sáà kun ọ̀dà, ká dí ojú ihò, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyẹn ló burú jù! Omi tó wà nínú lẹ tì mọ́lé yẹn, pákó lá sì máa jẹ lọ. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, á gé ojú fáíbà, á họ gbogbo ibi tó jẹrà títí á fi kan ibi tó le. Lẹ́yìn náà, á dúró kó gbẹ. Ibẹ̀ ló ń sú ọlọ́kọ̀, torí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í pawó wọlé. Àmọ́ résìn kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ pákó tútù. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni wọ́n á tó fi pákó tuntun sí, kí wọ́n tó fi fáíbà bò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe pa á láṣẹ nípa ilé tí ẹ̀tẹ̀ bá wọ ògiri rẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ ló máa lọ sọ fún àlùfáà. Wọ́n á ti ilé náà fún ọjọ́ 7. Tó bá ti ràn, wọ́n á yọ òkúta tó ní àrùn dà sẹ́yìn ìlú, wọ́n á ha inú ilé yíká, wọ́n á fi òkúta míì rọ́pò rẹ̀. Rírẹ́ ilé ló kẹ́yìn.

Ará mi, kí lò ń rẹ́ bò? Ṣé gbèsè tí ìyàwó rẹ ò mọ̀ sí ni? Ṣé owó ẹgbẹ́ tó o ti ná ni, tí ohùn rẹ sì ń ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ nígbà àdúrà? Àbí ìjà ilé bàbá yín, tí ìwọ àti àbúrò rẹ jọ ń ya fọ́tò nígbà Kérésì, tẹ́ ò sì bára yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀?

Lọ sọ ọ́. Tó o bá sì ti sọ ọ́, má fi ipá mú ẹni tó o ṣẹ̀ kó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì. Jẹ́ kó gbẹ. San owó tó yẹ kó o san, dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bá bi ọ́, kó o sì ní sùúrù.

Má bẹ̀rù ayùn Olúwa. Ẹni tó gé ọkọ̀ yẹn ò fẹ́ sọ ọ́ nù, ó fẹ́ kó tún léfòó ni.

*Àdúrà:* Olúwa, fi òòlù ọ̀rọ̀ rẹ kan ayé mi. Ibi tó bá ti jẹrà, má jẹ́ kí n bò ó mọ́. Fún mi ní ìgboyà láti jẹ́wọ́, kó o sì fún mi ní sùúrù láti dúró. Lórúkọ Jésù. Àmín.