Nígbà tí òrìṣà di ère

Ẹni tó bá ṣí Bíbélì Yorùbá sí Gálátíà orí 5 yóò bá ìbọ̀rìṣà láàárín iṣẹ́ ti ara, oṣó ló sì tẹ̀ lé e. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, eidololatria sì ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀: eidolon, àwòrán tàbí òjìji lásán, latreia, ìsìn. Samuel Ajayi Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì, tó jáde lódindi ní 1884, ní "ère" lọ́wọ́, wọ́n sì lò ó fún ohun tí a gbẹ́. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, "òrìṣà", orúkọ tí Ṣàngó àti Ọbàtálá ń jẹ́, ni wọ́n gbé lé ohun tí kèfèrí ń bọ. Ọmọ Òṣogùn ni Crowther; kò lè ṣàìmọ ìyàtọ̀. Bí abọ̀rìṣà ṣe di èébú nìyẹn.

Ẹ wo oṣé Ṣàngó. Obìnrin tó kúnlẹ̀, tó gbé ẹdùn rù, tí àlejò ń pè ní Ṣàngó yẹn, olùsìn ni agbẹ́gilére gbẹ́! Ikin Ifá ńkọ́? Èkùrọ́ 16 ni, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ojú tàbí imú sí i lára.

Ìdánwò tí Ifá fúnra rẹ̀ fi dán àwọn òrìṣà wò tún le ju ti oníwàásù lọ. Nínú Ògúndá Méjì, ìbéèrè ni pé ta ni nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń bọ ọ́ rìn dé òkèèrè, títí kọjá òkun, láì yẹsẹ̀ padà. Ṣàngó ní òun ni. Wọ́n ní bó bá dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà, tí wọ́n fún un ní orógbó àti àkùkọ ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, ilé lòún ń padà sí. Ọya kò kọjá Irá, Òrìṣàálá kò kọjá Ifọ́n. Ọ̀rúnmìlà alára, nígbà tó kàn án, Òkè Ìgẹ̀tí ló ti ṣẹ́rí padà. Orí nìkan ló kù.

Kò sẹ́ni tó bèèrè igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Igi sì kì í yó.

Lóòótọ́, Orí náà ní ìbọrí tí wọ́n ń to owó ẹyọ sí lára. Ṣùgbọ́n ní Brazil, nínú ẹ̀sìn Candomblé, bori ni wọ́n ṣì ń pe ètò ìbọrí. Orí ẹni tó jókòó síwájú wọn gan-an ni wọ́n ń bọ.